Fìlà Orí Ọ̀rọ̀

Àwọn àgbà ní, ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. N kò lè gbọ́ òwe yìí kí n má rántí pé ìgbà kan wà tí n kò mọ ilé pè. "Ulé" ni mo ń pè é, wọ́n sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí mo fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ìtàn fáwẹ̀lì kékeré tí ó wà níwájú ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ sọ fún yín: bí mo ṣe sọ ọ́ nù, bí mo ṣe lọ wá ìbátan wa ní ààfin ọba Kóńgò, àti bí ó ṣe jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá mi àgbà ni mo padà sí.

Èkìtì ni wọ́n bí mi sí, ìyá tí ó bí bàbá mi ni ó sì tọ́ mi. Lẹ́nu rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Igi ni "ugi," iṣu ni "uṣu," igbá ni "ugbá," ilé ni "ulé." Nígbà tí mo di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àbúrò bàbá mi mú mi wá sí Ìbàdàn láti lọ sí ilé-ìwé níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé kíláàsì, olùkọ́ ya àwòrán sára pátákó, ó ní kí n dìde kí n pe orúkọ wọn. Mo dìde tìgboyà-tìgboyà. Mo ní, "Ugi. Ugbá. Ulé." Ẹ̀rín bú. Olùkọ́ pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ mi ti di Ulé. Bí mo bá ń lọ mu omi, wọn a ní, "Ulé, ṣé o jẹ uṣu yó?" Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, wọn a ní, "Ulé, máa lọ ulé!" Kí sáà kejì tó parí, mo ti fọ ẹnu mi mọ́ tónítóní. Nígbà tí mo lọ lo ìsinmi nílé, èdè àwọn ará Ìbàdàn ni mo ń bá ìyá mi àgbà sọ. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Mo rò pé inú rẹ̀ dùn ni.

Ọdún gorí ọdún, mo dé yunifásítì, èdè ni mo sì yàn láti kọ́. Yorùbá ni mo mú ṣe àkọ́kọ́, Súwàhílì ni mo fi tì í. Nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá ni wọ́n ti là mí lójú sí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kan tí mo ti ń lò láti kékeré láì bi ara mi léèrè nípa rẹ̀ rí. "Oní" ni. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ kò kéré.

Ẹni tí ó ni ilé ni onílé, ẹni tí ó ń ta bàtà ni oníbàtà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ta aṣọ kì í ṣe "oníaṣọ," aláṣọ ni. Ẹni tí ó ń ta epo, elépo. Ti ẹran, ẹlẹ́ran. Ti ọtí, ọlọ́tí. Ẹni tí owó bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, olówó. Àlejò lè rò pé àfòmọ́ mẹ́fà ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ṣoṣo ni. "N" àti "l" dà bí ìbejì nínú èdè wa: "n" ni ó ń bá "i" rìn, "l" ni ó ń bá àwọn fáwẹ̀lì bíi "a" àti "ọ" rìn. Ìdí nìyẹn tí "ní ilé" fi di "nílé," tí "ní ọjà" sì fi di "lọ́jà." Bí "oní" bá pàdé "aṣọ," "i" a jáde lọ, a fi ohùn òkè rẹ̀ sílẹ̀ fún "a"; "n" a di "l"; "o" tí ó wà níwájú a sì wo ẹ̀yìn, a rí "a," òun náà a di "a." Ó di aláṣọ. Bí ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé e bá ní kọ́ńsónáǹtì níwájú, "oní" kò ní yí padà rárá. Ohun tí àwọn òyìnbó kó dé pàápàá ń tẹ̀ lé òfin yìí: onímọ́tò, oníṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun tí ó wú mi lórí jù ni pé òfin kan náà ni ó mú ọba àti elépo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Oní Aké ni Aláké, oní Ọ̀wọ̀ ni Ọlọ́wọ̀, oní Òwu ni Olówu, oní Ìkòyí ni Oníkòyí. Oní ọ̀run sì ni Ọlọ́run fúnra rẹ̀.

Bí èyí ti ń gbóná lọ́kàn mi ni a kọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè Súwàhílì: "mwenye." Onílé ni "mwenye nyumba," ẹni tí ó ni ṣọ́ọ̀bù ni "mwenye duka." Mo fò sókè lórí àga. Mo lọ sí ilé ìkàwé, mo sì rí i pé Mwene Kongo ni wọ́n ń pe ọba Kóńgò ayé àtijọ́, èyí tí àwọn Potogí, tí wọ́n dé ẹnu odò Kóńgò ní nǹkan bí 1483, kọ sílẹ̀ ní Manicongo. Mo tún rí Mwene Mutapa, ọba alágbára kan ní agbègbè tí ó di Zimbabwe àti Mozambique lónìí, tí àwọn Potogí sọ di Monomotapa. Ta ni ó tún kù láti sọ fún mi? Mwene Kongo àti Aláké, ọmọ ìyá kan náà! Mo jókòó, mo kọ ojú ìwé 12. Mo ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé kí wọ́n máa retí orúkọ mi. Mo ti ro bí n ó ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí gan-an.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, olùkọ́ wa ránṣẹ́ pè mí. Iṣẹ́ mi wà níwájú rẹ̀, kò fi yẹ́ǹkì pupa fà á rárá, ẹ̀rù sì bà mí ju bí ó bá ti fà á lọ.

Ó ní, "Mwenye kan ni èyí. Bí wọ́n bá di méjì ńkọ́?"

Mo ní, "Wenye ni, sà."

"Kí ni ó yí padà?"

"Mw- ni ó di w-, sà."

"Ó dára. A jẹ́ pé mw- kì í ṣe ara ọ̀rọ̀ náà. Fìlà ni. Ṣí fìlà náà kúrò, kí ni ó kù?"

"-Enye, sà."

"Ṣí ti 'oní' náà."

"-Ní ni ó kù, sà. Kí ènìyàn ní nǹkan."

"Kí ni 'mwenyewe' nínú èdè Súwàhílì?"

Ibẹ̀ ni ohùn mi ti lọ sílẹ̀. Mo ní, "Òun fúnra rẹ̀, sà."

Ó ní àwọn tí ó tọ -enye lọ sẹ́yìn bá a ní -ene, ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ "ẹni náà fúnra rẹ̀". Kò sí "ní" kankan nínú rẹ̀. Ó wá bi mí bóyá mo ti rí ọ̀rọ̀ mìíràn tí "enye" tiwọn ti bá "ní" tiwa dọ́gba báyìí, ẹyọ kan péré. N kò rí. Ó ní, "Àwọn ará Páṣíà ń pe ohun tí kò dára ní 'bad.' Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ń pè é ní 'bad.' Èdè méjèèjì jẹ́ ìbátan jíjìnnà o, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí kò sí lára ogún tí wọ́n jọ jẹ. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni."

Bóyá ó rí i pé omi fẹ́ bọ́ lójú mi, ó ní kì í ṣe èmi nìkan. Ó mú ìwé kan sílẹ̀ lórí pẹpẹ, The Religion of the Yorubas, tí J. Olumide Lucas kọ ní 1948. Àlùfáà tí ó kàwé púpọ̀ ni, ó sì wá orísun ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ sí Íjíbítì àtijọ́. Olùkọ́ mi ní, "Ìfẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ni ó mú un ṣe é, n kò jẹ́ bú u. Ṣùgbọ́n ìjọra ni ó fi ṣe ẹ̀rí. Ẹni tí ó bá ń wá ìbátan olókìkí kò ní fẹ́ mọ̀ bóyá ìbátan ni lóòótọ́."

Mo bi í pé, "Ṣé a kò wá bá wọn tan ni, sà?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "A bá wọn tan dáadáa. Ààfin ni o wá wọn lọ. Ìwájú ọ̀rọ̀ rẹ ni wọ́n wà."

Ohun tí ó kọ́ mi ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kó kalẹ̀ ní kúkúrú. Wilhelm Bleek, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tí ó gbé ní Gúúsù Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé jáde ní 1862 lórí gírámà àwọn èdè tí òun fúnra rẹ̀ sọ ní Bantu. Ìdí tí ó fi pè wọ́n bẹ́ẹ̀ ni pé "ènìyàn" nínú wọn jọra lọ́nà kan tí kò ṣeé sẹ́. Èdè Súlú ní umuntu fún ẹnì kan, abantu fún ọ̀pọ̀. Luganda ní omuntu àti abantu, Súwàhílì ní mtu àti watu, Setswana ní motho àti batho. Orí kò yí padà, fìlà ni ó ń yí. Fìlà kan wà fún ẹnì kan, òmíràn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, òmíràn fún èdè, òmíràn fún ilẹ̀. Ẹnì kan ni Motswana, ọ̀pọ̀ wọn ni Batswana, èdè wọn ni Setswana, ilẹ̀ wọn sì ni Botswana. Fìlà mẹ́rin, orí kan.

Ní 1963, Joseph Greenberg ará Amẹ́ríkà tẹ ìwé rẹ̀ lórí èdè Áfíríkà jáde, ó sì kó àwa àti àwọn Bantu pọ̀ sínú ìdílé ńlá kan tí ó pè ní Niger-Congo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yàrá ọ̀tọ̀ ni ó fi wá sí. Ní 1977, Bennett àti Sterk tún yàrá náà pín, láti ìgbà náà sì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti ń ka Yorùbá, Ẹ̀dó, Ìgbò àti Bantu mọ́ ẹ̀ka kan náà, Benue-Congo. Ẹ̀rí wọn kì í ṣe oyè ọba. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí kò sẹ́ni tí í fi wọ́n yangàn ni. Ẹ wo iye: àwa ní ẹ̀ta, Ígálà ní ẹ̀ta, Ìgbò ní atọ, Súwàhílì ní tatu, Súlú ní thathu. Ẹ wo ohun tí a fi ń gbọ́ràn: àwa ní etí, Ìgbò ní ntị, Luganda ní okutu. Ẹ ṣí àwọn fìlà, "e" tiwa, "n" ti Ìgbò, "oku" ti Luganda, ẹ ó rí i pé "t" dúró sí ojú kan náà láti Ìbàdàn títí dé Kàǹpálà.

Mo ní, "Ṣùgbọ́n àwa kì í yí fìlà tiwa, sà. Ọkùnrin kan, àwọn ọkùnrin."

Ó ní kí n má lọ jìnnà, kí n bi àwọn ará Ẹ̀dó tí wọ́n múlé tì wá. Ọkùnrin kan ni okpia, ọ̀pọ̀ wọn ni ikpia. Obìnrin kan ni okhuo, ọ̀pọ̀ wọn ni ikhuo. Ó ní àwọn onímọ̀ gbà pé àwọn fáwẹ̀lì tí ó ń síwájú ọ̀rọ̀ orúkọ tiwa, "a" inú aṣọ, "ẹ" inú ẹran, "ọ" inú ọmọ, àjẹkù irú fìlà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n. Tiwa ti pẹ́ lórí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lẹ̀ mọ́ ọn. Síbẹ̀ kò kú tán: láti ara "jó" ni a ti ń mú "ijó," láti ara "kú," "ikú," láti ara "lọ" àti "bọ̀," "àlọ" àti "àbọ̀." "O" tí ó wà níwájú "ní" nínú "oní" náà, irú fìlà bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Bí o bá fẹ́ mọ ohun tí ó so wá pọ̀ mọ́ Mwene Kongo, má wo -ene. Wo 'o' kékeré yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mw-, kí o sì wo ti Ẹ̀dó láàárín wọn. Iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ni. Ojú ìwé 12 kò lè gbà á."

Mo kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú àti ayọ̀ nínú àpò kan náà. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, mo wà ní ilé ìkàwé, mo ń ka ohun tí àwọn ènìyàn kọ nípa àwọn ẹ̀ka èdè wa. Fẹ́mi Akínkugbé ti fi àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá, Ìṣẹ̀kírì àti Ígálà wéra nínú iṣẹ́ ìwádìí kan ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1978, àwọn mìíràn sì ti ṣe irú rẹ̀. Bí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀ lọ ni mo dé orí ilé. Yorùbá inú ìwé: ilé. Ígálà: unyi. Èkìtì: ulé.

Mo fi ìka lé e. Mo tún un kà. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ mọ̀ pé nínú Yorùbá tí a ń kọ sínú ìwé, "u" kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ. Ṣùgbọ́n ní Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó, ó ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Ígálà tí wọ́n wà ní òdì kejì Odò Ọya. Kì í ṣe pé a lọ yá a lọ́wọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò wá yá a lọ́wọ́ wa. Àwọn tí ó fi ẹ̀ka èdè wọ̀nyí wéra rò pé "u" yìí ni ó wà tẹ́lẹ̀, pé "i" ni ó wá gba ipò rẹ̀ níbi tí kò ti sí mọ́. Ohun tí gbogbo kíláàsì fi mí rẹ́rìn-ín, fìlà àtijọ́ ni. Àwọn ni fìlà wọn ti pààrọ̀, tí wọn kò sì mọ̀.

Mo rántí ìwé mìíràn tí mo ti rí, Polyglotta Africana, tí Sigismund Koelle tẹ̀ jáde ní 1854. Ní Freetown ni ó ti kó o jọ, lẹ́nu àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, èdè tí ó wà nínú rẹ̀ sì ju 100 lọ. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wa, tí wọ́n ń pè ní Aku níbẹ̀, ó kọ ti Ẹ̀gbá sọ́tọ̀, ti Ìjẹ̀bú sọ́tọ̀, ti Ìjẹ̀ṣà sọ́tọ̀, ti Oǹdó sọ́tọ̀. Ẹni tí ó ti pàdánù ilé àti ọ̀nà jókòó níwájú rẹ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ó ti ń ti ẹnu onítọ̀hún jáde. Kò sí ẹni tí ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Nígbà tí a gba ìsinmi Àjíǹde, mo ra ìwé àkọsílẹ̀ tuntun, mo kọrí sílé. Mo bá ìyá mi àgbà níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jókòó tì í, mo ṣí ìwé mi. Mo nawọ́ sí ilé, mo ní, "Ìyá, kí ni ẹ ń pe èyí?"

Ó ní, "Ilé ni."

Mo nawọ́ sí igi ọsàn tí ó wà lójúde. Ó ní, "Igi." Mo nawọ́ sí igbá tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Igbá. Ṣé ojú ń dùn ọ́ ni?"

Ó yà mí lẹ́nu. Mo ní, "Ìyá, ẹ kì í pè é bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Kò gbé ojú sókè kúrò lára ẹ̀gúsí. Ó ní, "Ọkọ mi, ìwọ ni o kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí o ti Ìbàdàn dé tí o ní 'ilé,' mo mọ̀ pé wọ́n ti fi ọ́ rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún. Láti ìgbà náà, bí o bá ti wà nítòsí, bí wọ́n ti ń pè é ní Ìbàdàn ni mo ń pè é. Mi ò fẹ́ kí ti wa tún yọ lẹ́nu rẹ níwájú wọn."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo ti ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò rí gbólóhùn tí ó wọ̀ mí lára tó èyí. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí ìyá arúgbó yìí ti ń ṣí fìlà kúrò lórí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nítorí mi, nínú ilé ara rẹ̀, èmi kò sì fura. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìtàn kíláàsì, ti Ígálà, ti ohun tí àwọn onímọ̀ wí pé tiwa ni ó pẹ́ jù. Ó gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gúsí fi dà nù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ó di ìgbà tí ìwé bá sọ ọ́ kí o tó gbà pé a kì í ṣe òmùgọ̀?"

N kò rí èsì fọ̀. Mo ní kí ó dárí jì mí, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú ìwé mẹ́sàn-án ti kún, kò sì sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí ó fi hàn pé a bá ọba kankan tan.

Ìdí tí mo fi kọ èyí ni pé púpọ̀ nínú wa ní irú ìyá bẹ́ẹ̀ nílé. Ẹ má sọ pé èdè ìwé kò dára. Òun ni mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, òun ni ó jẹ́ kí ará Ìjẹ̀bú àti ará Èkìtì lè jọ ka ìwé kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lọ sílé nígbà ìsinmi, ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ dání, ẹ jókòó, ẹ béèrè, kí ẹ sì kọ ọ́ bí ó bá ti jáde. Ohun tí a ń wá lọ sí Kóńgò àti Íjíbítì lè wà lẹ́nu ẹni tí ó ń bó ẹ̀gúsí.

Nígbà tí ọwọ́ mi rẹ̀, tí mo pa ìwé dé, ìyá mi àgbà gbọn aṣọ rẹ̀, ó dìde, ó sì pa òwe tí gbogbo wa mọ̀. Bí ó ti pa á ni mo ṣe kọ ọ́ síhìn-ín: "Ulé ni àbọ̀ sinmi oko." Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n gbé ugbá wọlé.